Odídẹrẹ́ tó ti dàgbà kó tó dé ilé yín: bí ẹ ó ṣe jẹ́ kó fọkàn tán yín

Odídẹrẹ́ tó ti dàgbà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín ti mọ ọmọ aráyé dáadáa. Ó mọ ọwọ́ tó ń gbé oúnjẹ wá, ó sì mọ ọwọ́ tó ń gbá ẹyẹ mú lọ́rùn. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni èwo nínú méjèèjì ni ọwọ́ tiyín. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ fún un láyè kó fi ojú ara rẹ̀ rí i, ìyẹn sì máa ń pẹ́.

Aránṣọ ni mí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, Kétu ni wọ́n ti bí mi. Odídẹrẹ́ kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi tí à ń pè ní Olóyè. Ilé bàbá kan ní àdúgbò wa ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí bàbá náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kan wà ní Kútọnu, àwọn yòókù wà ní Libreville ní Gabon, ẹyẹ kò rí ẹni gbé e. Àwọn oníbàárà mi tó mọ bó ṣe rorò nígbà tó dé máa ń bi mí pé, "Ìyá Aránṣọ, kí lẹ ṣe fún un tó fi ń tẹrí ba fún yín báyìí?" Ìdáhùn mi nìyí. Ẹni tó jogún ẹyẹ ni mo kọ ọ́ fún, tàbí ẹni tí ọ̀rẹ́ tó ń lọ sí òkè òkun gbé odídẹrẹ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti òfin. Odídẹrẹ́ ń tán lọ nínú igbó. Ọdún 2016 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò àwọn ẹ̀dá, kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí wọ́n lè pa run. Ọdún yẹn náà ni ìpàdé CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹ̀dá igbó, tí wọ́n ṣe ní Johannesburg gbé e sí ìsọ̀rí kìíní, àṣẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2017: èyí tí wọ́n mú nínú igbó kò gbọdọ̀ di ọjà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn mọ́. Nítorí náà, ẹ má ra tuntun lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá láti ẹnubodè. Èyí tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, ẹ lọ bá àwọn Eaux et Forêts, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ igbó, kí ẹ béèrè ìwé tó yẹ kó ní. Ẹ má sì gbé e sọdá ẹnubodè Ìgólò láti fi han àwọn ẹbí ní Nàìjíríà.

Ẹ béèrè ìtàn rẹ̀, ẹ sì wo ìrù rẹ̀

Kí ẹ tó gbé e kúrò níbi tó wà, ẹ jókòó ti ẹni tó ń bọ́ ọ. Kí ló ń jẹ? Ìgbà wo ló ń sùn? Ta ló máa ń pè? Ṣé apá ènìyàn ló ń gùn ni, àbí ọ̀pá? Ta ni kì í fẹ́ rí? Ẹ gba àgò rẹ̀ àtijọ́ pẹ̀lú rẹ̀, kódà bí kò bá wù yín lójú. Àgò tuntun lè dúró. Ẹyẹ tó pàdánù ilé àti ẹni tó ni í lẹ́ẹ̀kan náà yẹ kó ní ohun kan tí kò yí padà. Bákan náà ni oúnjẹ. Kódà bí ẹ bá rí i pé wọn kò bọ́ ọ dáadáa, ohun tó mọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa yí i padà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá wo ìrù. Nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ìrù odídẹrẹ́ kì í ṣe kékeré. Ìkóódẹ wà lára adé ọba, ó wà níwájú orí ìyàwó òrìṣà, kì í sì í pẹ́ tí ẹni tó ní odídẹrẹ́ nílé fi ń rí àlejò tó wá tọrọ ọ̀kan. Èyí tó bọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹyẹ ń pààrọ̀ ìyẹ́ kò ní ìpalára nínú. Ṣùgbọ́n àwọn kan kì í lè dúró. Wọn á fi aṣọ bo ẹyẹ mọ́lẹ̀, wọn á sì fà á tu. Ìrora rẹ̀ pọ̀, bí wọ́n bá sì ń fa ojú kan náà léraléra, ojú ibẹ̀ lè bàjẹ́, kí ìyẹ́ má hù níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Olóyè dé, ìyẹ́ pupa tó kù ní ìdí rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Àwọn ọmọ kéékèèké inú ilé yẹn ló sọ fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìgbà náà ló yé mi ìdí tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé aṣọ kọjá lẹ́yìn rẹ̀, yóò han gooro, yóò sì já bọ́ láti orí igi tó dúró lé. Bẹ́ẹ̀ aránṣọ ni mí, aṣọ ló kún ibi iṣẹ́ mi láti àárọ̀ dé alẹ́.

Nítorí èyí, mo gbé àgò rẹ̀ sí ọ̀kánkán tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, kó lè máa rí gbogbo aṣọ kó tó di pé a ṣí i. Mo sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọn aṣọ nínú yàrá yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọn aṣọ, ìta ni. Ní ti ìbora alẹ́, mi ò ju aṣọ lé àgò rẹ̀ lórí rí. Mo rán kọ́tìnì kan tó wà lára àgò náà títí ayé, ó yí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ká, tó bá sì di alẹ́, mo máa ń fa ti iwájú wá láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, ó ń wò mí, mo ń bá a sọ̀rọ̀. Kò sí oúnjẹ dídùn tó lè ṣe ohun tí kọ́tìnì yẹn ṣe fún wa. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wá ohun gan-an tó ń ba ẹyẹ tiyín lẹ́rù: ọwọ́ ni, ìgbálẹ̀ ni, fìlà ni, ohùn ọkùnrin ni, ọmọdé tó ń sáré ni. Ẹ mú ìyẹn kúrò níwájú rẹ̀ kí ẹ tó ronú ẹ̀bùn kankan.

Bí ìyẹ́ àyà tàbí ti itan ló ń pá, tí ti orí sì pé, ẹyẹ náà fúnra rẹ̀ ló ń tu ú, torí ẹnu rẹ̀ kò lè dé orí ara rẹ̀. Ẹ má yára sọ pé ìbànújẹ́ ni. Àìsàn lè fà á, àìtó oúnjẹ lè fà á, ìdákànwà náà lè fà á. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ibi tí yóò máa gbé

Ẹ gbé àgò sókè tó ìwọ̀n àyà ènìyàn, kí ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀, kó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà. Inú yàrá tí ènìyàn ń jókòó sí ló yẹ ẹ́, nítorí inú igbó, ẹgbẹ́ ńlá ni odídẹrẹ́ ń kó rìn. Má ṣe gbé e sí ilé ìdáná láéláé. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, èyí tí wọ́n fi Teflon bò, bó bá gbóná jù, ooru rẹ̀ ń pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀yin gbọ́ òórùn kankan. Èéfín èédú, oògùn ẹ̀fọn tí à ń tanná sí, èyí tí à ń fín, tùràrí, lọ́fíńdà, gbogbo wọn ló burú fún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ó nílò òkùnkùn àti ìdákẹ́jẹ́ fún wákàtí 10 sí 12 lóru. Àjàṣẹ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́. Tí mo bá gbọ́ pé Zángbétò, eégún tó ń ṣọ́ ìlú lóru, yóò jáde tàbí pé Egúngún yóò gba òpópónà wa kọjá, mo máa ń gbé e wọ yàrá inú ṣáájú kí ìlù tó sún mọ́ tòsí. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ fi ìgò onífíìfín wọ́n omi tútù sókè orí rẹ̀, kó máa rọ̀ sí i lára bí òjò wínníwínní. Bí kò bá fẹ́, ẹ dáwọ́ dúró.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fún un ní oúnjẹ àti omi, ẹ tún ibẹ̀ ṣe, ẹ sì lọ. Àwọn ènìyàn àdúgbò á fẹ́ wá wò ó. Ẹ ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ẹ jókòó sí ibi tó ti ń rí yín, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ kọ sí i, kí ẹ máa ṣe iṣẹ́ yín. Ẹranko tó ń pa ẹran jẹ ló máa ń fi ojú méjèèjì tẹjú mọ́ nǹkan, ẹyẹ sì mọ èyí látinú ẹ̀jẹ̀ wá. Èmi ń rán aṣọ ni. Màṣíìnì mi ń ró, mò ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀, Olóyè ń wò wá. Ohun tí wíwò yẹn ń kọ́ ọ pọ̀ ju ohun tí mo lè fi ọwọ́ kọ́ ọ lọ.

Ẹ máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó ṣe é, ọ̀rọ̀ kan náà nígbà gbogbo. "Olóyè, omi rèé." "Olóyè, mo ń bọ̀." "Olóyè, mo jáde." Nígbà tí ẹ bá ń kọjá, ẹ ju ẹ̀pà kan sínú abọ́ rẹ̀, kí ẹ má dúró wò ó bóyá ó jẹ ẹ́. Ọjọ́ tó bá jẹ ẹ́ nígbà tí ẹ ṣì wà nínú yàrá, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fún ẹyẹ kan, ọ̀sẹ̀ kan ló ń gbà. Fún òmíràn, oṣù mélòó kan. Kò sí èyí tó fi hàn pé ẹyẹ yín kò dáa.

Ẹ jẹ́ kó lè kọ̀

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù, ẹ má gbàgbé èyí. Odídẹrẹ́ kì í dédé bu ni jẹ. Ó ti kọ́kọ́ sọ pé òun kò fẹ́, ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ẹyẹ tó ti gbé nílé tí wọn kì í ti í gbọ́ á wá fo gbogbo ìyẹn, á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbùjẹ, torí ìyẹn nìkan ni wọ́n dá lóhùn rí. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ni kí ẹ kọ́ ọ padà pé ohùn kékeré tó fún yín.

Ẹ kọ́ ara rẹ̀ kà. Tí ẹ̀rù bá ń bà á, yóò fún gbogbo ìyẹ́ mọ́ ara pinpin, á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́, á na ọrùn. Tí kò bá fẹ́ yín níbẹ̀, yóò fi ara sẹ́yìn díẹ̀, tàbí kó yí orí kúrò, tàbí kó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú láti fi tì yín. Tí inú bá ń bí i, ìyẹ́ ẹ̀yìn ọrùn á dìde, á ya ìrù, dúdú inú ojú rẹ̀ á máa súnkì, á tún máa fẹ̀, kíákíá. Ẹ kíyè sí ojú yẹn o: ó tún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn jù tàbí tó bá ń sọ̀rọ̀, nítorí náà gbogbo ara ni kí ẹ wò pọ̀. Kíkùn láti inú àyà, tí ohùn rẹ̀ nípọn, tí ìyẹ́ sì dìde: ẹ̀rù ló bà á gidigidi, ẹ kúrò níbẹ̀.

Tí ara bá tù ú, yóò gbọn ìyẹ́ jìgìjìgì lẹ́ẹ̀kan, á mi ìrù, á wá máa tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe níwájú yín. Yóò gbé ẹsẹ̀ kan pamọ́ sínú ìyẹ́ ikùn. Tó bá kù díẹ̀ kó sùn, ẹ óò gbọ́ ọ tó ń fi àgógó òkè lọ ti ìsàlẹ̀, ó máa ń dún kẹrẹkẹrẹ. Ohùn yẹn dára púpọ̀ láti gbọ́.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é. Mo sún mọ́ àgò. Lójú ẹsẹ̀ tí mo bá rí àmì àkọ́kọ́, ìbáà jẹ́ kí ó fi ara sẹ́yìn ní ìwọ̀n èékánná, mo dúró, mo sọ pé "Ó dáa," mo sì padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. Ẹ̀bùn rẹ̀ nìyẹn. Olóyè rí i pé òun kàn fi ara sẹ́yìn díẹ̀ ni, ènìyàn odindi sì yẹra. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán mi wò. Yóò fi ara sẹ́yìn, yóò wò mí bóyá màá lọ, mo sì máa ń lọ. Àwọn kan ní mo ń bà á jẹ́, pé ẹyẹ ni yóò wá máa pàṣẹ fún mi. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè sọ pé rárá ni ìbẹ̀rù kì í ká mọ́ kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìgbà tó ti dá a lójú pé màá lọ bó bá ní kí n lọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí n dúró.

Odídẹrẹ́ tí wọ́n mọ̀ jù lágbàáyé, Alex, tí Irene Pepperberg, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, rà ní ọdún 1977 ní Amẹ́ríkà tó sì bá ṣiṣẹ́ títí ẹyẹ náà fi kú ní ọdún 2007, mọ orúkọ àwọ̀ àti ti nǹkan púpọ̀. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé bí iṣẹ́ bá sú u, ó máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ padà sínú àgò òun. Wọ́n fún un ní ọ̀rọ̀ tó fi lè kọ̀, ó sì lò ó. Ẹyẹ tiyín lè má sọ ọ́ lẹ́nu. Ó ń fi ara sọ ọ́.

Oúnjẹ

Ẹ wá oúnjẹ kan tó fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú abọ́ ojoojúmọ́, kó jẹ́ pé ọwọ́ yín nìkan ló ti ń rí i. Ti Olóyè ni ẹyìn ọ̀pẹ. Oúnjẹ odídẹrẹ́ ni láti inú igbó, ó sì ní fítámì A, èyí tí ẹyẹ tó ń jẹ kóró nìkan kì í ní tó. Ọjà Ouando ni mo ti ń rà á, èyí tó pọ́n dáadáa. Ẹ̀pà náà dára bó bá jẹ́ èyí tí kò ní iyọ̀, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀pà tó ti hu èbu ń ba ẹ̀dọ̀ ẹyẹ jẹ́. Ìbẹ́pẹ, máńgòrò, àgbàdo tútù, kárọ́ọ̀tì, ewé mọ̀ríńgà, gbogbo rẹ̀ dára. Ata wẹ́wẹ́ pàápàá, kí ẹnu má yà yín: ẹyẹ kì í mọ títa ata lára, Olóyè a máa jẹ ẹ́ pẹ̀lú kóró rẹ̀.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fún un: píà, ṣokoláàtì, kọfí, iyọ̀, ọtí. Ẹ má jẹ́ kí àlejò kan rò pé àwàdà ni láti fi ìka kan sódàbì, ọtí líle tí à ń fi ẹmu ṣe, sí i lẹ́nu. Ẹ má sì fún un ní obì. Mo mọ̀ pé láwọn ilé àgbà, wọ́n máa ń pín obì fún odídẹrẹ́ bí wọ́n ṣe ń pín in fún àlejò, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú kọfí tó ń lé oorun lọ náà ló wà nínú obì, ọkàn ẹyẹ tí kò tó ìlàjì kílò kò lè gbé e.

Ẹ dá a lóhùn

Inú igbó, odídẹrẹ́ kì í dákẹ́ fún ara wọn. Ọ̀kan á pè, èkejì á dáhùn, kí oníkálukú lè mọ̀ pé ẹgbẹ́ òun ṣì wà. Ẹyẹ tó wà nílé yín ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Tí ẹ bá jáde kúrò nínú yàrá tó sì súfèé, ẹ súfèé padà látibi tí ẹ wà. Ẹ fún un ní ìpè kan tó jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì. Lójú tèmi, èyí ń kó ìgbẹ́kẹ̀lé jọ kíá ju ẹyìn lọ, nítorí kò sí ọwọ́ nínú rẹ̀, kò sí ohun tó lè bà á lẹ́rù. Bó bá jẹ́ igbe burúkú ló ń ké, ẹ dúró kó mí, nígbà tó bá wá ṣe ohùn tó dẹ̀, ẹ dáhùn kíákíá. Díẹ̀díẹ̀, èyí tí ẹ ń dá lóhùn ni yóò máa lò.

Ẹ múra sílẹ̀ fún ohùn ilé àtijọ́. Olóyè ń wúkọ́ bí bàbá yẹn ṣe ń wúkọ́ gẹ́lẹ́, á sì fi ohùn bàbá béèrè pé "Ta nìyẹn?" bí zemidjan (ọlọ́kadà) bá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ọmọbìnrin bàbá náà wá láti Kútọnu láti kí mi, ikọ́ yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́ kó tó wọlé. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó sunkún pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní kí n jẹ́ kó tún gbọ́ ọ. Bí ẹ bá gba ẹyẹ ẹni tó ti kú, ẹ sọ fún àwọn ẹbí ṣáájú kí wọ́n tó wá. Ẹ má gbìyànjú láti mú ohùn náà kúrò lẹ́nu ẹyẹ, ẹ má bá a wí nítorí rẹ̀. Ó ń pe ẹni tó mọ̀. Èmi máa ń dáhùn pé, "Èmi ni, Olóyè." Ní báyìí, ó ti fi ìró màṣíìnì mi kún un.

Láti orí ṣíbí dé orí apá

Bí ẹyẹ bá bẹ̀rù ọwọ́, ẹ fi ṣíbí onígi tó gùn na oúnjẹ sí i láàárín irin àgò. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, kó jẹ́ pé òun ni yóò wá. Nígbà tó bá ń wá láìṣiyèméjì, ẹ máa di ṣíbí mú níbi tó túbọ̀ kúrú, títí tó fi máa kù díẹ̀ kí ìka yín kan oúnjẹ. Ẹ má fo ìpele kankan nítorí pé àná dára. Bí òní bá burú, ẹ padà sí ti àná tàbí ti ìjẹta.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ ọ láti fi ẹnu kan orí ọ̀pá kékeré kan. Ó kàn án, ẹ sọ pé "Ó ṣeun," ẹ fún un ní èérún ẹ̀pà. Eré kékeré yìí wúlò gan-an, nítorí pẹ̀lú ọ̀pá náà ẹ lè mú un lọ sọ́tùn-ún, sósì, jáde kúrò nínú àgò, padà sínú àgò, láìfi ọwọ́ kàn án. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ tó. Ẹ parí rẹ̀ nígbà tó ṣì ń wù ú.

Ìgbà tó bá ń jáde fúnra rẹ̀ ni kí ẹ tó na apá sí i. Apá ni mo sọ, pẹ̀lú ẹ̀wù alápá gígùn, kí ẹ pa ìka mọ́. Ẹ gbé apá síwájú rẹ̀, ní ìwọ̀n àyà rẹ̀, níbi tó ti lè rí i. Má ṣe gbé e wá láti òkè tàbí láti ẹ̀yìn. Ẹ fi ọ̀pá hàn án ní òdìkejì apá náà. Bó bá fi ẹsẹ̀ kan lé e tó tún mú un kúrò, ẹ yìn ín, ẹ fún un ní ẹ̀bùn rẹ̀, ó ti ṣe púpọ̀. Bó bá gùn ún, ẹ má gbé e rìn kiri ilé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá fẹ́.

Fífi ọwọ́ pa á lára ló gbẹ̀yìn. Òun ló máa sọ fún yín: yóò tẹ orí ba, ìyẹ́ ọrùn á tú sílẹ̀. Orí àti ọrùn nìkan ni kí ẹ máa fi ìka ha. Ẹ̀yìn, abẹ́ apá àti ìdí ìrù, ọ̀dọ̀ ẹyẹ, ẹnìkejì tí wọ́n jọ ń gùn nìkan ló ń kan ibẹ̀. Bí ẹ bá ń pa á níbẹ̀, ẹ ń da orí rẹ̀ rú, yóò sì máa bínú sí àwọn ará ilé yín. Ti Olóyè kúkú yàtọ̀: mi ò kan ìrù rẹ̀ títí di òní, mi ò sì ní kàn án.

Ẹ má gé ìyẹ́ apá rẹ̀ kó má baà fò. Odídẹrẹ́ wúwo, bí kò bá lè fò, ó lè fi àyà lulẹ̀, kí egungun àyà rẹ̀ sì là. Ẹyẹ tí kò lè sá lọ, ìbùjẹ ló kù fún un.

Bó bá bù yín jẹ

Ẹ má pariwo, ẹ má gbọn ọwọ́, ẹ má lù ú, ẹ má fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lójú. Ẹ sọ apá kalẹ̀ sí ibi tó lè sọ̀ sí, ẹ fọ ojú ọgbẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó kí ẹ ro ìṣẹ́jú kan tó ṣáájú: ta ló wọlé, kí ló ṣubú, àmì wo ni kò hàn sí yín. Ní ilé mi, ìdáhùn máa ń wà níbẹ̀. Oníbàárà kan na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, tàbí ọmọ iṣẹ́ tuntun kan ṣí ìdì aṣọ láìròtẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹyẹ tí kì í bu ni jẹ ló dédé bẹ̀rẹ̀, tó sì tú ìyẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, tí kò jẹun, tí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń mí, àìsàn ni. Ẹ má dúró di ọ̀la.

Olúkúlùkù ará ilé ni yóò bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Pé ó gun apá mi kò sọ pé yóò gun ti ọkọ mi, ẹ̀yin náà ẹ má gbé e lé ẹlòmíràn lápá láti fi hàn pé ó ti dára. Jẹ́ kí ẹni náà fi ṣíbí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọdé lè máa ju ẹ̀pà sínú abọ́ kí wọ́n sì máa súfèé dá a lóhùn. Ó tó wọn. Bí ẹ bá ń múra ìrìn àjò, ẹni tí yóò dúró dè yín ní kó máa wá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kó máa fún un ní oúnjẹ lójú yín, kó kọ́ ìpè tí ẹ fi ń pe ara yín, kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fa kọ́tìnì.